Òkúta Tí Màmá Kọ̀ Láti Gbà Sórí Ibojì Yín

Bàbá wa, Gotthold Wiegreffe, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún márùn-ún! Odò Lahn ṣì ń ṣàn nísàlẹ̀ ilé wa, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó jókòó sórí àga yín nídìí fèrèsé.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi Reinhold ti yege ìdánwò ìṣègùn rẹ̀. Òun ló ń lo ẹ̀mú ìgbẹ̀bí yín, èyí tí ẹ fúnra yín ní kí alágbẹ̀dẹ tẹ̀ kó má baà ha orí ọmọ mọ́. A ti parí yàrá òkè tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ibùsùn mẹ́jọ péré ló wà nílé ìgbẹ̀bí nígbà tí wọ́n fà á lé yín lọ́wọ́. Ó ti di ogójì báyìí. Omi olóòórùn líle tí ẹ ní kí gbogbo dókítà máa fi fọ ọwọ́, tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ti di alágbàfọ̀, ó wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ibà tó ń kó àwọn abiyamọ lọ kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. Ọmọ tíṣà abúlé ni yín, Bàbá, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ìlú Riga tó jìnnà réré wá ka ìwé yín!

Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà: owú Màmá.

Ẹ mọ owú yẹn. Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ fi bá a gbé. Bí Màmá bá lọ sọ́jà nígbà tí ẹ wà láyé, yóò máa wo àwọn obìnrin lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé: eléyìí di ọwọ́ ọkọ mi mú nígbà tó ń rọbí. Ìyàwó oníbúrẹ́dì, òun náà. Ìyàwó Immel aránbàtà, ẹ̀ẹ̀mẹfà! Nígbà tó wá kan Màmá, dókítà mìíràn lẹ pè. Ẹ ní dókítà kì í gbẹ̀bí ìyàwó ara rẹ̀. Gbogbo obìnrin ìlú ló mọ ọwọ́ yín lọ́jọ́ tí ara ń ni wọ́n, àfi ìyàwó yín.

Ẹ lọ, owú náà kò bá yín lọ. Ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú tí a fi ń rántí àwọn òkú lóṣù Kọkànlá, kí Màmá tó dé ibojì, àwọn obìnrin ti gbé òdòdó síbẹ̀. Màmá a kó gbogbo rẹ̀, a sọ ọ́ kọjá ògiri. Ó ní kí wọ́n lọ ṣe ọkọ tiwọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é.

Lọ́dún yìí, ìjì wó àgbélébùú onígi tó wà lórí yín. Àwọn obìnrin fẹ́ fi òkúta rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú itẹ́ òkú ní àfi kí opó fọwọ́ sí ìwé. Màmá kọ̀. Ó kọ̀ títí tí ibojì yín fi wà láìní orúkọ fún oṣù mẹ́ta! Ìyàwó aránbàtà bá wá bẹ̀ ẹ́, òun àti ìyá Dörr, àgbà agbẹ̀bí tó bá yín ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún.

“Ìyàwó Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Dókítà gbà mí lọ́wọ́ ikú.”

“Mo kà á,” ni Màmá dáhùn. “Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ṣé ẹ kò lè sinmi díẹ̀ ni?”

Ìyàwó aránbàtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ lọ bi ọkọ mi o!”

Ìyá Dörr kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. “Ottilie,” ló pe Màmá, ó sì nàka sí mi. “Ọjọ́ tí o bí ọmọbìnrin yìí, ọkọ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fọ ọwọ́ kó lè wọlé wá bá ọ. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Mi ò rí i kí ọwọ́ yẹn gbọ̀n rí. Ó ní, ‘Dörr, tó bá jẹ́ obìnrin mìíràn ni, mo lè ṣe é.’ Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí títí ọmọ fi ké.”

Bàbá, ẹ kò sọ ọ́ fún wa rí!

Màmá bo ojú. A rò pé owú ti parí nìyẹn. Àfi bó ṣe gbé orí sókè.

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún mi láti ọdún mọ́kàndínlógún?”

“Ó ní kí n má sọ ọ́.”

“Háà! Èyí tó jẹ́ tèmi gan-an, ẹ̀yin náà lẹ tún gbà á mọ́ mi lọ́wọ́!”

Ó fa gègé yọ, ó fọwọ́ sí ìwé náà tagbáratagbára débi pé ìwé ya.

Òkúta yín ti dúró báyìí. Ó rẹwà! Àwọn ìyá ìlú ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sí i. Màmá ní kí tòun ṣáájú, kó sì tóbi jù. Agbẹ́kúta ní àyè kò gbà á. Màmá ní kó dín tiwọn kù.

Bàbá wa, agbẹ̀bí àwọn tó ti sọ̀rètí nù, a kò gbàgbé yín. Reinhold ń ṣàárò yín nígbà tó bá ń fọ ọwọ́. Àwa náà ń ṣàárò yín, a fẹ́ràn yín títí dòní.

Màmá dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́ pé nínú gbogbo obìnrin ìlú yìí, òun ló ń ṣàárò yín jù lọ, kí n sì fa ìlà méjì sí i nídìí.