Súùmù Tí O Gùn Lọ́jọ́ Tí A Sin Bàbá Rẹ

Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ tí mi ò tíì gbé rí ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò lè dá mi lóhùn láti inú ìwé, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kí èèyàn, ó yẹ kó dúró kí onítọ̀hún jẹ́ ẹ, nítorí náà mo gbé bírò sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rin ìrìn àṣedànù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò ní le mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o má rí ọ̀nà wálé, òun gan-an ni kò ní rí ọ̀nà tirẹ̀. Àmín.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti ń jò, mo gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, mi ò sì tíì pe kápẹ́ńtà torí pé ìró omi yẹn ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Maṣíìnì ìránṣọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá rẹ ni mi ò tíì lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Aṣọ tí wọ́n ya àtẹ̀gùn sí, tí gbogbo ayé máa ń dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè ilé tara wọn, ṣì wà lára ògiri. Àpótí tí o máa ń gùn nígbà tí o bá ń bá wọn di páálí funfun mú, kí ìmọ́lẹ̀ lè padà sójú oníbàárà, òun náà wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré nígbà náà, torí bí wọ́n bá mira, ìwọ lo máa ń jágbe mọ́ wọn, kì í ṣe bàbá rẹ. Gílóòbù pupa tó wà ní yàrá ìfọfọ́tò ni mo yọ, mo fi sílé ìwẹ̀ torí pé tibẹ̀ ti jó. Bí mo bá ti wọlé wẹ̀ báyìí, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ fọ̀ mí kí àwòrán mi lè jáde.

Kí n tó gbàgbé, o ṣeun fún owó ìsìnkú. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, máa la ọ̀rọ̀ yé mi. O pè mí, o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Aláàtì máa wọlé láàárọ̀. Mo gbálẹ̀, mo nu àga, mo pààrọ̀ aṣọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní nínú ọkàn mi pé orúkọ yìí ò jọ ti wa o, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọmọ ẹni, ọmọ ẹni ni. Ọ̀sán pọ́n, Aláàtì ò dé. Ìgbà tó yá ni àbúrò bàbá rẹ wá, ó na fóònù sí mi, ó ní Aláàtì ti wọlé tipẹ́. Mo ní ilé ta ló wọ̀? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àga méjì ni mo nù, mo rò pé ẹ jọ ń bọ̀ ni.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Bàbá rẹ ń ya kíláàsì àwọn ọmọléèwé lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn tó pa wọ́n yẹn dé. Wọ́n ní wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó rẹ̀, kámẹ́rà sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nǹkan kan ò ṣe ara kámẹ́rà náà, lẹ́ńsì tó jẹ́ ojú rẹ̀ ló fọ́. Fíìmù ṣì wà nínú rẹ̀, fèrèsé kékeré tó wà lókè rẹ̀ sì fi hàn pé ó ku àwòrán kan ṣoṣo. O mọ òfin bàbá rẹ. Wọn kì í fọ fíìmù tí kò bá parí, ì báà jẹ́ ọba ló ń dúró dè é. Wọ́n ní fíìmù tí kò parí, oyún tí kò pé oṣù ni. Lórí ibùsùn, nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń gbé ọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹyọ kan tó kù yẹn, ti Ọ̀gá Kékeré ni, pé bí o bá dé, kí o wá dúró ti àwọn, kí n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró dè ọ́ títí ojú wọn ò fi lè dúró mọ́. Àwọn ìyá ọmọléèwé wá ń bi mí báyìí pé fọ́tò ọmọ wọn dà. Mo ní kí wọ́n má bínú, ẹnì kan ṣoṣo ló dá gbogbo kíláàsì dúró.

Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, mo ń wẹ̀yìn, mo ń wọ̀nà. Mo bi àbúrò bàbá rẹ pé ọmọ mi dà? Ó ní kí n má sunkún, pé o wà lórí súùmù. Mo gbójú sókè. Mo wo orí igi, mo wo òrùlé ilé kejì, mi ò rí ọ. Mo ní níbo ni wọ́n ń pè ní Súùmù, ṣé òkè ni, kí ló dé tí kò sọ̀kalẹ̀ wá? Fóònù ló gbé sókè bí ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá nǹkan. Ọkùnrin tó gbẹ́ ilẹ̀ ní kí àkọ́bí wá da erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Àbúrò bàbá rẹ na fóònù síwájú. Ọkùnrin yẹn wo fóònù, ó wo ṣọ́bìrì ọwọ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ wo ni èyí máa fi dì í mú? Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú. Àgbàlagbà kan lẹ́yìn mi sì mí kanlẹ̀, ó ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí wọ́n ṣe gbé ṣọ́bìrì báyìí ni àbúrò bàbá rẹ pariwo pé ó ti gan, ó ti gan! Ọmọ mi, mo ṣubú lulẹ̀. Ọkọ mi ti gan, ọmọ mi náà tún gan, lọ́jọ́ kan náà. Ìgbà tí wọ́n gbé mi dìde ni wọ́n tó sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣe é, pé o máa tó mira. O sì mira lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti da erùpẹ̀ bò wọ́n tán. O pè lálẹ́, o ní, Màmá, mo rí yín dáadáa, mo rí gbogbo ẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú, títí di ọjọ́ tí mo lọ ra ojú tuntun fún kámẹ́rà. Ọ̀dọ̀ Olójú-mẹ́rin ni mo lọ, ọkùnrin onígíláàsì tó ń tún kámẹ́rà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní Màmá, lẹ́ńsì wo lẹ fẹ́, èyí tó dúró sójú kan ni àbí súùmù? Ìdí mi kúrò lórí àga. Mo ní súùmù! Kí ló ń ṣe? Ó ní ó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ èèyàn ni. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀ tó yé mi. Mo ní áà, ohun tí ọmọ mi gùn nìyí! Ó wà lọ́hùn-ún, ó ń fà wá súnmọ́, ó ń wò wá. Mo dárí jì ọ́ ní ìlàjì lójú ẹsẹ̀. Mo sì pinnu pé èmi náà máa ra tèmi, kí n dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí n kọjú sápá ọ̀dọ̀ rẹ, kí n fà ọ́, kí n fi ẹyọ kan tó kù yẹn yà ọ́, kí fíìmù parí.

Nọ́mbà ni wọ́n kọ sára àwọn súùmù tó gbé síwájú mi. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti márùndínlógójì, ó dé àádọ́rin. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti méjìdínlọ́gbọ̀n, ó dé igba. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ti sọ fún mi rí pé ó lé ní igba máìlì, nítorí náà mo ní kí Olójú-mẹ́rin gbé méjèèjì padà, wọn ò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, ojú ọ̀nà ni wọ́n máa já mi sí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni mo wí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ gíláàsì kó lè nu omijé, bó sì ṣe rí ojú mi, ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀. Ó ní Màmá, ẹ má bínú, nọ́mbà yẹn kì í ṣe máìlì. Ó ní èyí tó kéré ń kó gbogbo ẹbí sínú àwòrán kan, èyí tó pọ̀ ń fa ẹnì kan jáde láàárín wọn. Ó ní kò sí lẹ́ńsì kankan lórí tábìlì òun tó ń rí kọjá kọ́nà. Ó ní súùmù ti ọmọ yín, fóònù ni, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Mo ní ọmọ mi kì í purọ́, ó ní òun rí gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ò pè é nírọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti lẹ́ńsì.

A sọ ti lẹ́ńsì. Ó ní bí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́ mi, àlòkù gbogboǹṣe ni kí n mú, èyí tó ń ṣe tòsí, tó ń ṣe ọ̀nà jíjìn, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà ló ṣe é, ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ bá ẹnu kámẹ́rà mu. Mo ní ayé yìí mà le o, ojú ló wá ń wọ ẹnu. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú àkọ́kọ́, a rí olú tó ti hù sínú rẹ̀ bí òwú. Mo ní rárá. Ó gbé èkejì, mo dorí rẹ̀ kodò, ó sì ń gùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ahọ́n ajá tí oòrùn pa. Mo ní rárá. Ẹ̀kẹta ni mo mú, èyí tó dé igba. Olójú-mẹ́rin ò tàn mí jẹ, ó ní ohun tó ń ṣe gbogbo nǹkan kì í ṣe ọ̀kankan dójú àmì, pé kò ní ríran nínú yàrá, oòrùn ló fẹ́. Mo fi ọ̀pá méjèèjì tí bàbá rẹ máa ń gbé iná sí ní ṣọ́ọ̀bù ṣe pàṣípààrọ̀. Ó ní kò tó, kí n bá òun rán ìdí ṣòkòtò òun tó ya mọ́ ọn. Mo ní mo ti rí i láti ẹnu ọ̀nà, mi ò lo súùmù.

Bàbá rẹ ò ra súùmù rí láyé wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò lè rìn dé ọ̀dọ̀ èèyàn, kí ló fẹ́ fi fọ́tò onítọ̀hún ṣe? Kí wọ́n forí jì mí, orúnkún mi ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, mi ò fi bú ọ. O ní o rí gbogbo ẹ̀. Èmi ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, omi ló kún ojú mi. Apá ibo ni wọ́n kọ orí bàbá rẹ sí? Ṣé wọ́n rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀, àbí wọ́n jù wọ́n? Ta ló dì mí mú nígbà tí mo ṣubú? Ìwọ tí o rí i, jọ̀ọ́, wá sọ ọ́ fún mi.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti là, mo máa ń gbé kámẹ́rà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo máa fa lẹ́ńsì dé ìparí rẹ̀, dé kọ́nà tí ọkọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, eruku nìkan ni mo máa ń rí níbẹ̀. Ní báyìí mo ń rí ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀, títí kan ẹni tó ń jẹ gúgúrú. Kò tíì sí tèmi nínú wọn, mi ò sì tíì tẹ nǹkan kan. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Ọ̀nà tó kù lẹ́yìn kọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ ni súùmù rẹ̀.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Má fi rán Aláàtì. Owó ọkọ̀ ni, ara rẹ ni kí o fún. Mú ìyàwó rẹ dání, gbé ọmọ náà dání, nọ́mbà kékeré yẹn á gbà yín, á sì gba ibi tí bàbá rẹ sùn sí. Ọ̀sán ni kí ẹ dé, torí ojú olówó pọ́ọ́kú yìí kì í ríran bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tèmi náà kì í ríran mọ́. Ọ̀nà á là fún yín. Ọmọ rẹ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọ́, kò ní fi fóònù sin ọ́.

Bí o bá sọ̀kalẹ̀, má sáré bọ̀. Dúró díẹ̀ ní kọ́nà, kí n kọ́kọ́ fà ọ́ súnmọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.