Bẹ́ẹ̀dì Tèmi Nìkan

Ìyá mi, ẹ kú àárò ọmọ yín. Àlàáfíà ni mo wà. Ilé tí àwa obìnrin méje jọ ń gbé, tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn mú lọ́fẹ̀ẹ́, ti wá fẹ̀ dáadáa. Mo ti ní bẹ́ẹ̀dì tèmi nìkan. A sin nọ́ọ̀sì, ọ̀gá wa, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mẹ́rin nínú wa ti ṣáájú rẹ̀.

Àná ni aránṣọ tó ṣẹ́kù pẹ̀lú mi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Àbúrò, jẹ́ ká lọ. Ta ni yóò sin ẹni tó bá kẹ́yìn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ni yóò fún àwọn aláìsàn lómi?"

Ara mi gbóná díẹ̀ láàárọ̀ yìí, oòrùn ni. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó má wá bá mi mọ́ o. Iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti gbogbo ilé. Ẹ dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.