Eérú àti Oòrùn Lórí Ẹ̀wà Bàbá Mi

Bàbá mi tòótọ́,

Okun o. Ọyẹ́ ti dé sí Kàbbà, igi kajú ẹ̀yìn ilé sì ti ń tanná. Màmá wà dáadáa, àyàfi orúnkún tó máa ń dùn ún ní òwúrọ̀. Èmi náà ti wọ yunifásítì, ọdún àkọ́kọ́, nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí n kà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá pe orúkọ mi ní kíláàsì, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti rí i pé àṣìṣe ni wọ́n fi mú mi.

Ṣé ẹ rántí ẹ̀wà tí ẹ kórè kẹ́yìn? Àìsàn tó mú yín lọ kò jẹ́ kí ẹ po eérú mọ́ ọn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Inú kẹ́ẹ̀gì ni Màmá kó o sí, ó dé e pinpin, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é.

Olùkọ́ wa, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní kí olúkúlùkù wa mú ohun kan tí wọ́n gbà gbọ́ ní ilé rẹ̀ kó sì dán an wò bóyá òótọ́ ni. Eérú yín ni mo mú. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi asẹ́ àtijọ́ yẹn jọ̀ ọ́, tí ẹ ó máa sín, tí ẹ ó sì máa fi ara yín rẹ́rìn-ín. Mo bu ẹ̀wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà sínú àwọn ìgò, mo po eérú mọ́ ìdajì, mo fi ìdajì yòókù sílẹ̀ lásán fún kòkòrò. Mo fi aṣọ dé ẹnu wọn, mo ní kí Màmá má fọwọ́ kàn wọ́n, mo sì padà sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo tún wálé, mo jókòó ka àwọn èyí tí kòkòrò ti lu.

Wọ́n kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ tí ojú rí ló ní láárí. Bí ẹ̀wà inú ìgò kan bá dára ju ti èkejì lọ, ó lè jẹ́ pé ó kàn bọ́ sí bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣirò kan wà tó máa ń fi hàn bóyá ìyàtọ̀ náà ju ohun tó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lọ. Mo ṣe é. Mo tún un ṣe, nítorí kò sí ohun tí mo gbé wá bá yín rí tí ẹ kò ní sọ pé kí n tún un wò. Ìyàtọ̀ tó ní láárí kò sí. Ẹ̀wà tí kò ní eérú dára bí èyí tó ní in.

Bàbá, mo sunkún. Ó dà bíi pé mo fà yín wá síwájú àwọn àjèjì kí wọ́n lè sọ pé ẹ kò mọ nǹkan kan.

Màmá bá mi níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé kòkòrò kò jẹ èyí tí kò ní eérú, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kòkòrò kò lè jẹ ẹ́ kẹ̀, òun ń sá a sí oòrùn ní gbogbo ọjọ́ ọjà kí òun tó jáde, òun ń ṣa kòkòrò kúrò lórí àtẹ, òun sì ń dá a padà sínú ìgò tirẹ̀ gan-an, kò dà pọ̀. Òun kò fọwọ́ kan èyí tó ní eérú, nítorí ó ti ní olùtọ́jú tirẹ̀.

Mo rán an létí pé mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

“Ẹ̀wà tí bàbá rẹ kórè kẹ́yìn, kí n jókòó máa wo kòkòrò kó jẹ ẹ́ tán nítorí ilé ìwé?”

Kí ló dé tí n kò fi ro ìyẹn?

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Délé, tí a jọ ń gbé yàrá nílé ẹ̀kọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kàn fi kún iye èyí tí kòkòrò lu nínú àwọn tí kò ní eérú. Ó ní, “Ta ló máa wá ka ihò ẹ̀wà rẹ?” Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa wá. Bí máàkì mi bá sì kéré nínú ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n lè yọ mí kúrò ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Bírò wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ gbe eérú yín, ṣé eérú yín náà ló borí?

Mo lọ sọ fún olùkọ́ bó ṣe rí. Kò bá mi wí. Ó ní ẹ̀wà tí wọ́n tọ́jú lápá méjèèjì kò lè dáhùn ìbéèrè mi, kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì tí òun lè fún mi kò ní pọ̀. Ó ní kí n ra ẹ̀wà lọ́jà, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní sáà tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ẹ̀wà ọjà ni mo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. N kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò jẹ́ kí n rí sáà tó ń bọ̀ náà ní ẹ̀ka yẹn.

Mo wálé lánàá. Màmá bi mí bóyá èsì náà ti jáde, bóyá eérú yín ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ ń wo ẹnu mi.

“Ó ṣiṣẹ́, Màmá.”

N kò ní iye kankan tó gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó mi orí pé ó dára, ó gbé àtẹ wá, ó sì da gbogbo ìgò náà pọ̀ sórí rẹ̀, ti eérú àti ti oòrùn. Ó ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó gbìn ín sí oko yín ní ọ̀nà Odò-Apẹ́.

Ṣé irọ́ ni mo pa fún un, Bàbá? Mo fẹ́ tún un wò bí ẹ ṣe kọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti dà pọ̀, n kò rí ohun tí mo lè fi wò ó mọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ohùn yín kò tíì kúrò létí rẹ̀.