Oògùn Tí Mo Ní Kí Wọ́n Jù Nù

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kọkànlá 2024

Mo ti Sakété dé. Ohùn mi ti há. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ṣe ògbufọ̀ fún pásítọ̀ àlejò tó ti Cotonou wá. Fortuné lorúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́kún ni mo sọ ọ́ nínú ìwé yìí. Faransé ló ń sọ, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Bó bá sunkún, èmi náà á sunkún. Ó ní bí mi ò bá sunkún, ọ̀rọ̀ náà ò ní wọ ìjọ lára. Kí n má purọ́, mo gbádùn ẹ̀. Olùkọ́ ọmọdé ni mí ní Pobè, ta ló ń gbọ́ tèmi níbẹ̀? Lónìí, ẹgbẹ̀ta èèyàn ń wo ẹnu mi.

Níparí, ó ní kí wọ́n kó gris-gris wọn wá síwájú. Mo pariwo: "Ẹ kó oògùn yín jáde! Ẹ jù ú nù!" Wọ́n sáré jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Àbúrò mi Delphine pè mí láti Sakété. Inú ẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti ju kọ́ńpírímẹ́ tí òun ń gbé mì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru sínú apẹ̀rẹ̀ níwájú pẹpẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ wí i. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín, gbogbo ara mi gbọ̀n."

Gris-gris — ońdè ni, tìrà ni, ìgbàdí ni. Oògùn ni mo pè é. Oògùn náà sì ni a ń pe kọ́ńpírímẹ́. Mo ń yára — mo ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá dùrù lọ. Ẹyin lohùn, wọ́n ń wí. Tèmi ti balẹ̀.

Ọjọ́rú, 6

Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ gba òmíràn lọ́sibítù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mò ń dán ìgbàgbọ́ òun wò ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo lọ bá Ẹlẹ́kún, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi, mo sọ ti Delphine náà fún un. Ó mú mi lọ wo àwọn apẹ̀rẹ̀. Ońdè ò ju mẹ́rin lọ. Ìyókù, kọ́ńpírímẹ́ ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àwọn onítọ̀ ṣúgà. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Sylvie, Ẹ̀mí ló yan ẹnu rẹ. Ṣé o fẹ́ tún iṣẹ́ Ẹ̀mí ṣe ni?"

Ó wá rọra bi mí: èwo ni àbúrò rẹ nínú ìjọ? Ṣé ó lọ́kọ? Mo ní ọkọ ti kú sójú ọ̀nà Igana. Ó ní kí ni ọkọ náà sọ kẹ́yìn? Mo sọ ìyẹn náà fún un. Kí ló dé tí mo sọ ọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 10

Ẹlẹ́kún ní, "Obìnrin kan wà níbí. Ojú ọ̀nà lọkọ ẹ̀ kú sí. Ó ní, 'Tọ́jú àwọn ọmọ.'" Delphine ké, ó ṣubú lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lọ́jọ́ Ẹtì ni. Èmi náà ni mo túmọ̀ ẹ̀. Mo sunkún síbi tó yẹ kí n sunkún. Mo kórìíra ara mi.

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo mú Bàbá Bonaventure, olórí ìjọ kékeré wa, dé ọ̀dọ̀ Delphine. Wọn ò gbóhùn sókè. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ń wọn ìgbàgbọ́ ẹ wò. Kọ́ńpírímẹ́ tèmi rèé nínú àpò. Mo máa ń gbàdúrà, mo máa ń gbé e mì. A fẹ́ kóo wà láàyè ni." Wọ́n jókòó tì í títí oòrùn fi yẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, Delphine yán. "Ìwàásù Bàbá kì í wọni lára."

Ọjọ́bọ̀, 14

Orí ń fọ́ Delphine. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Mo ṣe é. Ẹlẹ́kún ń sọ̀rọ̀ iná lédè Faransé, mo di mìkíróò mú, mo ní: "Ẹ gbọ́, òun kọ́ ló ń wí èyí, èmi ni. Ońdè ló ní kẹ́ ẹ jù nù lọ́jọ́sí. Èmi ni mo ṣì í pè. Èmi náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ Delphine fún un. Kì í ṣe ìran. Ẹ lọ gba oògùn ọ́sibítù yín padà!" Ibẹ̀ lẹkún ti gba ẹnu mi. Ẹkún tòótọ́, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ níbẹ̀.

Bí onídùrù ṣe rí omijé mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ orin jẹ́jẹ́. Ìjọ ké "Àmín!" Wọ́n ń ṣubú. Ẹlẹ́kún gbọ́wọ́ sókè, inú ẹ̀ dùn sí mi. Bàbá arúgbó kan péré ló dìde, tó lọ tú apẹ̀rẹ̀ wò.

Mo fa Delphine jáde sábẹ́ igi. Mo ní ṣé ó gbọ́ mi. Ó ní òun gbọ́. Ó ń di orí ẹ̀ mú, ó ń wojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sunkún lónìí. Ẹkún yín wo ni kí n gbà gbọ́?"

Ó yíjú padà, ó ń fọwọ́ tọ ògiri bí ẹni tójú ń ṣú, ó padà sínú ìsìn.