Bàbá, Ohùn Yín Ṣì Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yẹn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú àìlèdìde bí ẹ ṣe fẹ́. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì yàrá mi ní Àtàn-Ọ̀tà níbí, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Àǹtí Ìyábọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ó ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, ẹ kú wàhálà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á. Ẹ má sáré kà á bí ẹ ṣe máa ń sáré ka Bíbélì nígbà tí a wà ní kékeré, kí ẹ lè tètè lọ ṣeré. Mo sì ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ọmọ Ìmẹ̀kọ tó wà ní àjò lè rí i, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo fi bàbá sílẹ̀ nílé.

Bàbá, ara mi ò balẹ̀. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Mo wá wò yín nígbà náà. Ẹ wò mí, ẹ la ẹnu, ohun tó jáde ò ju bá-bá-bá lọ, omi sì bọ́ lójú yín. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi wí láti ọ̀nà oko, tí gbogbo àdúgbò á ti mọ ohun tí mo ṣe kí ẹ tó wọlé! Ọkàn mi ò gbà á. Ọjọ́ kejì ni mo ti padà sí Ọ̀tà, mo ní ibi iṣẹ́ ń pè mí.

Ibi iṣẹ́ yẹn náà kì í ṣe irọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìgbẹ́sà ni mo wà báyìí. Kásúà ni wá níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ojúmọ́; ẹni tí kò bá wá lónìí, ẹlòmíì ti wà ní géètì tó ń dúró de àyè rẹ̀. Ooru ẹ̀rọ nínú, ooru oòrùn níta. Bí òjò bá sì rọ̀, ọ̀nà á di ẹrẹ̀, ọlọ́kadà á ní ká sọ̀kalẹ̀ ká bá òun ti ọ̀kadà, a ó tì í tán, a ó sì tún sanwó. Èyí tí mo bá fi ránṣẹ́ fún oògùn yín ni mo kà sí owó, ìyókù ń bá ọ̀nà lọ ni. Bí mo bá rántí ìgbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí yunifásítì, inú mi á bàjẹ́. Ẹ̀yin náà rí i nígbà náà: ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́lé, yunifásítì ń kọ́lé, gbogbo ayé ń ya wọ Ọ̀tà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín àánú. Èmi àti kọ̀ǹpútà mi, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ là ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó yá, oníkálukú wọn ra èyí tó ṣeé gbé sábíyá, ọjà wá tán nílẹ̀. Mo fi aṣọ bo tèmi, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá.

Àfi ìgbà tí Àǹtí Ìyábọ̀ pè mí lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó máa ń wá na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín sọ nǹkan kan. Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ń gbé nínú ọpọlọ lọ́tọ̀, ibi tí orin àti oríkì ń gbé lọ́tọ̀, pé àrùn lè gba ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ohun tí ẹ mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ, ó lè fa ọ̀rọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi falẹ̀ o, torí bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́ ni ahọ́n ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ orin ìjọ fún yín, ẹ ò dáhùn. Ìyá mi kọ orin oko, ẹ kàn ń wo ògiri. Wọ́n fẹ́ ki oríkì ilé wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, àwọn tí ẹ jọ mọ̀ ọ́n ti lọ sí ibi àgbà ń rè. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọmọkùnrin ilé, ìlà kan péré ló wà lẹ́nu mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù ni mo fò dìde: oríkì yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà mi!

Ẹ rántí ìsọmọlórúkọ Tóbi ọmọ mi. Ẹ wá kí wa, mo mú yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé máìkì kékeré kan síwájú yín, mo ní kí ẹ ki ọmọ yín kí n bá a tọ́jú rẹ̀. Ẹ bi mí pé ta ni ẹ fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ẹ tún fìlà yín ṣe, ẹ sì kọ́kọ́ kí i pé ó kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ń ki lọ ràì, ó kù díẹ̀ kí ẹ parí ni wọ́n mú iná lọ. Báńtìrì tó ń gba iná dúró fún un bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo sì sáré tọ́jú èyí tó ti wọlé kó má baà ṣòfò. Inú bí yín. Ẹ ní a kì í gé oríkì láàárín. Ẹ ní ó di ọjọ́ mìíràn kí ẹ tó parí rẹ̀, ọjọ́ mìíràn náà ò sì dé.

Mo délé, mo ṣí aṣọ lórí rẹ̀, mo tàn án. Fáànù inú rẹ̀ ń yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó wá ń ké: píì, píì, píì, bí òròmọdìẹ tó sọnù. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo yá ojú kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́wọ́ tíṣà kan ládùúgbò, pàbó ló já sí. Mo ra báńtìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀, èyí tó dà bíi ti aago ọwọ́, mo fi tuntun sí i, igbe náà ò dákẹ́. Mo bá ń rìn ká yàrá bí ajá tí eegun há lọ́fun. Ìyá Tóbi, ìyàwó mi, ní kí n jókòó, pé òyì ti ń kọ́ òun.

Mo gbé e lọ sí Sángo. Ẹni tó ń tún un ṣe ṣí i wò fìrí, ó ní òkú ni, kí n fi sílẹ̀ kí òun wo ohun tó ṣì ṣeé yọ nínú rẹ̀. Kí n ṣe kí ni? Ta ní ń fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní Sángo? Mo gbé ẹrù mi. Ọjọ́ yẹn sì ni àwọn ìjọ kan ń ṣe ìpàdé ńlá, ọkọ̀ ò lè rìn lójú ọ̀nà Ìdíròkò, ni mo bá gun ọ̀kadà, kọ̀ǹpútà lórí itan mi. Àwọn tó ń ti ìpàdé bọ̀ rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Wọ́n ń kí mi kú oríire, wọ́n ní àwọn náà á ra tàwọn. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ń ṣe àmín lọ títí mo fi dé Àtàn.

Ní ọjọ́ ìsinmi mi, mo fúnra mi tú u. Bàbá, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ kọjá eruku. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí: bí ọdún bá ti yí, kálukú á gba òróró àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ta irinṣẹ́ wọn lórí, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ata, táǹkì ọ̀kadà. Ìyá Tóbi náà ń ta á sórí kọ̀ǹpútà lọ́dọọdún, kódà lẹ́yìn tó ti ń sùn lábẹ́ aṣọ. Kò sì fi ìka kàn án bí àwọn yòókù, dídà ló ń dà á, orí àpótí náà sì rèé, ihò wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Òróró ti wọlé, ó ti pò mọ́ eruku, ó ti di ọ̀rá ìdí ìkòkò síbi tí mẹ́mórì rẹ̀ wà. Mẹ́mórì yẹn ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Bí kò bá rí i, igbe ni yóò máa ké.

Mo pariwo, ẹ jọ̀wọ́. Mo bi í pé ṣé àkàrà ló fẹ́ dín nínú kọ̀ǹpútà ni. Ìyá Tóbi wò mí títí tí mo fi pariwo tán. Ó wá ní ṣé mo rántí ọjọ́ tí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá, tí mo ti gbé kọ̀ǹpútà náà dé ẹnu ọ̀nà? Ta ló ní a kì í ta ohun tí wọ́n ti ta òróró sí lórí? Ó ní bí kì í bá ṣe òróró tí mò ń bú, kí ni mi ò bá máa tú lónìí? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo ti fẹ́ tà á.

Mo yọ mẹ́mórì náà, mo fi írésà pa ẹnu rẹ̀ títí tó fi ń dán. Mo fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípírítì fọ ihò tó ń wọ̀, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Mo tì í padà títí tó fi dún pọ́. Mo tàn án. Píì kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú rẹ̀. Ìyá Tóbi kígbe pé ògo fún Ọlọ́run, ó ní òróró náà ló ṣiṣẹ́. Mi ò bá a jiyàn.

Ohun tí kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbàgbé ọdún. Ó rò pé ọdún tí wọ́n ṣe é la ṣì wà, ó ní kí n wá tún ọjọ́ ṣe. Bàbá, mi ò tètè tún un ṣe. Nínú ọdún tó wà lójú rẹ̀ yẹn, ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ń rìn, ẹ ń bá mi jà. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sunkún.

Mo wá ohùn yín kàn. Mo gbé fóònù ti sípíkà, mo bẹ gbogbo ilé kí wọ́n dákẹ́, mo gbà á sórí rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Ìyábọ̀. Ó gé síbi tó gé sí láyé ọjọ́sí. Ẹ ní, “Ọmọ a-gbin-ẹ̀gẹ́-sórí-àpáta, ọmọ a-fẹ̀rín-hú-u.” Ẹ tún ki í síwájú, ẹ wá ní, “Ilé wa ò jìnnà,” báńtìrì ké, ó parí.

Ẹnu géètì ní Ìgbẹ́sà ni mo wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé ohun tí mò ń bẹ̀rù ti dé. Àṣé ayọ̀ ni. Wọ́n ní ẹ gbọ́ ohùn ara yín, ẹ yíjú kúrò lára ògiri. Wọ́n ní nígbà tó gé, ẹ fajú ro bíi tàtijọ́, ẹ sì la ẹnu, ẹ parí rẹ̀, ó já gaara, kò sí bá-bá-bá níbẹ̀: “ẹni tí kò fẹ́ wá ni ọ̀nà ń gùn fún.” Wọ́n ní Ìyá mi ju abọ́ ẹ̀kọ sílẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà náà, ìlà yẹn nìkan lẹ ń sọ, pé bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ó mu omi, ìlà yẹn náà lẹ fi ń dáhùn.

Bàbá, mo ti gbọ́. Gbogbo ayé tí mo ti rìn, èmi ni ọ̀nà ń gùn fún. Mo ti sọ fún fóómáànù, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, pé mò ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé, pé bí ó bá fi ẹlòmíì sí àyè mi kí n tó dé, kó fi í síbẹ̀. Ìyá Tóbi ń bọ̀, Tóbi ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ yín la ó jókòó sí, kí á kọ́ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo kí Ìyá mi o. Mo kí Àǹtí Ìyábọ̀, ọmọ tiwọn náà á tọ́jú wọn. Ẹ bá mi kí nọ́ọ̀sì náà, ọwọ́ rẹ̀ ò ní rọ. Gbogbo ará ilé àti alájọgbé, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run tó dá ìlà kan padà á dá ìyókù padà, a ó bá yín láyọ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì parí rẹ̀ kí n tó dé.

Èmi ni ọmọ yín tó ti di ẹrù rẹ̀ tán láti wálé,
Àkànní.