Ilé Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Rẹ̀mílẹ́kún, Orogún Mi

Èmi, Juliana Àṣàkẹ́ Láníhùn, opó Amos Láníhùn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí mò ń gbé ní Thamesmead ní ìlú London, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Dókítà bi mí pé ọjọ́ wo ni òní. Mo dá a lóhùn, mo sì bi òun náà bóyá ó ti gbàgbé ni. Ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti ṣe ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

1. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni Moráyọ̀ Akínbọ̀dé, lọ́yà mi ní Woolwich, àti Díkónì Fọlọ́runṣọ́ ti ìjọ wa. Mo fi Díkónì kún un nítorí pé bí àwọn ọmọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ohùn tirẹ̀ yóò borí tiwọn.

2. Ilé mi ní Thamesmead: kí Rẹ̀mílẹ́kún Láníhùn, orogún mi, máa gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e jáde, kò gbọdọ̀ gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kó ẹrù rẹ̀ sí gáréèjì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ilé náà yóò tó di ti àwọn ọmọ mi méjèèjì, Tọ́ládé àti Títí, ní ọgbọọgba.

Tọ́ládé, mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ìwọ lo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ Kérésìmesì, nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún ń fọ àwo lọ́wọ́ ní kíṣìnì, pé òfin ìlú yìí kò mọ̀ ọ́n rí, pé ọjọ́ tí wọ́n bá sin mí tán ni yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Òótọ́ lo sọ. Kọ́ọ̀tù ni èmi àti bàbá yín ti ṣe ìgbéyàwó; ìdána ni ó ṣe lórí tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò sì ka ìyẹn kún. Ìdí tí mo fi ń ṣe ìwé yìí nìyẹn. Ọmọ gidi ni ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ mú jù. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀.

3. Gbogbo ohun tí mo kó ti Dùbáì bọ̀, ràkúnmí onígi, ìkòkò tùràrí, àti aṣọ títẹ́ tó wà ní pálọ̀, mo fún Títí.

Kí ẹ lè mọ bí mo ṣe dé Dùbáì. Bàbá yín sọ fún mi pé òun ń lọ sin àbúrò bàbá òun ní Ìjẹ̀bú. Ó gbé kóòtù dúdú dání! Dùbáì ni òun àti Rẹ̀mílẹ́kún gbà lọ. Orí fóònù arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí fọ́tò wọn, ọkọ mi nínú ṣòkòtò péńpé, ó ń rẹ́rìn-ín nínú iyanrìn. Wọ́n ní àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Èmi bínú o, mo bínú tẹ́rùn. Inú ìbínú náà ni mo wà títí ikú fi mú un. Nígbà tí a sin ín tán, mo ránṣẹ́ pe obìnrin náà, mo ní kí ó mú mi lọ sí gbogbo ibi tí ó bá ọkọ mi dé, kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Mo fẹ́ fi ojú mi rí ohun tí wọ́n fi dù mí.

Ó mú mi lọ. Ní ilé tó ga jù láyé, ó ní bí wọ́n ṣe dé òkè báyìí ni bàbá yín jókòó sílẹ̀, ó dijú, ó ń ka Sáàmù títí líìfìtì fi gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Ní ọgbà òdòdó, orí bẹ́ǹṣì ni ó sùn sí. Ní ọjà wúrà, bàbá yín ní ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Ibì kan wà nínú ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín, tí àwọn èèyàn ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ ti dùn. Ẹ gbọ́ ná! Ọkùnrin tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bú òtútù Thamesmead! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Rẹ̀mílẹ́kún náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹkún gbé àwa méjèèjì.

4. Ẹ̀gbà wúrà mi, mo fún Rẹ̀mílẹ́kún. Ọwọ́ òsì ni kí ó fi sí.

Jíìpù ni ó gbé wa wọ aṣálẹ̀, ó ń gun òkè iyanrìn, ó ń já wálẹ̀, gbogbo ohun tí mo jẹ padà wá sí ọ̀nà ọ̀fun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ràkúnmí, ọ̀kan fún èèyàn méjì. Mo ní kí Rẹ̀mílẹ́kún tó ti gùn ún rí jókòó síwájú. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ní òun kò jẹ́ kẹ̀yìn sí ìyáálé òun. Mo bá gun iwájú. Ó ṣì dúró nílẹ̀, ó ń tún ìró mi ṣe kí itan mi má baà hàn, ni sùúrù ẹranko náà bá tán. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ràkúnmí fi ń kọ́kọ́ dìde. Mo já bọ́, orí mi ni ó ṣáájú. Rẹ̀mílẹ́kún na ọwọ́ òsì sábẹ́ orí mi, ọwọ́ náà sì kán. Àpọ́nlé àpọ́njù ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Mo ní àbúrò mi ni, n kò sì tíì yí i padà.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá mi gbé. Ó ń tọ́jú arúgbó ní Abbey Wood lójúmọ́, ó sì ń bọ̀ wá wẹ̀ mí, nítorí ìbàdí mi ti kọ̀ṣẹ́. Títí ń fóònù mi déédéé, Ọlọ́run yóò bù kún un, ṣùgbọ́n fóònù kì í wẹ èèyàn.

5. Mọ́tò mi àti àpótí irinṣẹ́ bàbá yín, mo fún Tọ́ládé. Ológbò mi, Bíṣọ́ọ̀bù, kí ó máa bá ilé lọ. Kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni, ẹ má dà á láàmú.

6. Ibojì bàbá yín ní Plumstead gba èèyàn méjì, orúkọ mi sì ni ó wà lórí àyè kejì. Mo yọ̀ǹda àyè náà fún Rẹ̀mílẹ́kún. Kí ẹ kọ ọ́ sára òkúta náà pé Rẹ̀mílẹ́kún Láníhùn, aya Amos, kí ẹni tó bá ń kọjá lè kà á. Ẹ wá ibòmíràn fún mi, ibi tí oòrùn ń dé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a sin ín, abẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán ni Rẹ̀mílẹ́kún dúró sí, òjò ń pa á, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó pè é. Nígbà tí ọjọ́ tirẹ̀ bá pé, iwájú ni kí ẹ gbé e wá.

Mo fọwọ́ sí i ní Woolwich, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Juliana Àṣàkẹ́ Láníhùn

Ojú wa ni ó ti fọwọ́ sí i:
Nurain Bákàrè, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Plumstead Common
Delight Òkúnọlá, nọ́ọ̀sì, Connaught Estate