Àmì Kẹta Tí Kò Hàn

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlú Ọba. Ṣé ara yín le, ṣé ọjà ń tà ní Lọ́kọ́ja? Ara èmi náà le. Ẹ má bínú pé mò ń kọ̀wé dípò kí n pè. Fóònù mi ló ń ṣe wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Ruth fún yín, ọ̀gá mi níbi tí a ti ń yẹ ikun imú wò fún Kòrónà. Àmì mẹ́ta ni ẹ̀rọ máa ń wá lára kòkòrò àrùn náà. Láìpẹ́ yìí, ìkẹta kò hàn mọ́ nínú ikun imú àwọn kan. Gbogbo wa sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ruth ní rárá, kòkòrò náà ló yíra padà. Ẹ̀yin ni mo rántí, bí ẹ ṣe máa ń tú ìgàn ańkárá ká, tí ẹ ó sì rí òdòdó kan tí kò sí níbi tó yẹ kó wà. Òótọ́ ni Ruth sọ. Irú tuntun yìí ń yára ràn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bo imú nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ganaja.

Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa. Ruth fúnra rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Á kanlẹ̀kùn, á sì sún sẹ́yìn kí n tó ṣí i.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Fàrúkù àbúrò mi. Ẹ mọ bí ìkíni wa ṣe máa ń gùn. Ọjọ́ tí mo bá lè kí yín tán láìdúró mí èémí, màá pè.

Ọmọ yín,
Ṣàmsíátù